Bí a ṣe ń wá egungun dugong ayé àtijọ́ nínú odò Peace ní Florida, àti bí a ṣe ń dá a mọ̀

Ẹni tó bá fi asẹ́ kó òkúta wẹ́wẹ́ láti ìsàlẹ̀ odò Peace, ní ìpínlẹ̀ Florida lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, yóò máa bá ègé egungun dúdú kan pàdé léraléra: ó wúwo ju bí ó ṣe tóbi lọ, ó tẹ̀ díẹ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ara rẹ̀ sì ń dán nítorí pé omi ti fọ̀ ọ́ fún ìgbà pípẹ́. Eyín ẹja àkùràkudà ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń wá lọ síbẹ̀, nítorí náà wọn a sọ egungun yìí padà sínú omi láìwò ó lẹ́ẹ̀mejì. Egungun ìhà dugong ni wọ́n ń sọ nù bẹ́ẹ̀, ẹranko inú omi tó ti pòórá ní etíkun Florida láti mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Ó dùn mí púpọ̀ pé wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé egungun díẹ̀ ló wà nínú odò náà tí a lè fi ojú lásán kọ́ ẹ̀kọ́ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lára rẹ̀. Mo kọ àlàyé yìí fún ẹni tó ń gbé ní Florida tàbí tó fẹ́ ṣàbẹ̀wò síbẹ̀, tó sì fẹ́ mọ bí a ṣe ń wá egungun náà, bí a ṣe ń ka ohun tó wà lára rẹ̀, àti bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀ kí ó lè wúlò fún ẹlòmíràn.

Ẹranko tí a ń wá

Metaxytherium floridanum ni orúkọ tí onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, Oliver P. Hay, fún un ní ọdún 1922. Ó gbé ayé ní àárín àti apá ìparí sáà tí àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ ń pè ní Miocene, sáà tó bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 23 ọdún sẹ́yìn, tó sì parí ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 5.3 ọdún sẹ́yìn. Láyé ìgbà náà, òkun tí kò jìn bo apá púpọ̀ nínú ilẹ̀ tí à ń pè ní Florida lónìí, koríko sì ń hù ní ìsàlẹ̀ omi náà. Koríko yìí ni oúnjẹ Metaxytherium. Egungun ẹnu rẹ̀ tẹ̀ kọ́dọ̀ sísàlẹ̀ gidigidi, èyí tó fi hàn pé ìsàlẹ̀ omi ló ti ń jẹun, kì í ṣe ojú omi. Gígùn ara rẹ̀ kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ti dugong òde òní, ìyẹn nǹkan bíi mítà 3.

Irú dugong kan ṣoṣo ló kù láyé lónìí, etí òkun Íńdíà àti apá ìwọ̀ oòrùn òkun Pàsífíìkì ló sì ń gbé, láti ìlà oòrùn Áfíríkà títí dé Australia. Manatee ni ìbátan rẹ̀ tó sún mọ́ ilẹ̀ Yorùbá, nítorí pé ó wà nínú àwọn odò àti ọ̀sà ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, títí kan ọ̀sà Lekki. Ìrù ni a fi ń tètè mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì: ti manatee rí pẹrẹsẹ, ó sì ṣe roboto, nígbà tí ti dugong pín sí méjì bíi ti àbùùbùtán. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ fi ń pe gbogbo ẹbí náà pọ̀ ni Sirenia, erin sì ni ìbátan wọn tó súnmọ́ wọn nínú àwọn ẹran orí ilẹ̀. Wọ́n gbà pé láti ẹ̀ka Metaxytherium tó dé òkun Pàsífíìkì ni ẹranko ńlá tó ń jẹ́ Hydrodamalis gigas ti ṣẹ̀ wá, èyí tí Georg Steller rí ní erékùṣù Bering ní ọdún 1741, tí àwọn ọdẹ sì pa run ní ọdún 1768, láàárín ọdún 27 péré.

Kí olùwá tó wọ omi, ohun kan wà tó gbọ́dọ̀ yé e dáadáa, ìyẹn ìdí tí egungun yìí fi wúwo. Ẹranko tó ń mí afẹ́fẹ́ máa ń léfòó, nítorí pé afẹ́fẹ́ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ń gbé e sókè. Èyí tó bá fẹ́ dúró jẹ́ẹ́ ní ìsàlẹ̀ omi tí kò jìn, kó máa jẹ koríko níbẹ̀, gbọ́dọ̀ ní ohun tí yóò máa fà á sísàlẹ̀, egungun ara wọn sì ni àwọn Sirenia fi ń ṣe é. Egungun ìhà wọn nípọn, ó wú, kò sì sí ihò mùdùnmúdùn nínú rẹ̀ rárá. Ó ki láti èèpo títí dé àárín. Bí ó ṣe ki yìí náà ló jẹ́ kó pẹ́ láyé. Nígbà tí odò bá yí egungun ẹranko mìíràn lórí òkúta, ibi tó ní ihò á wó, egungun náà á sì fọ́ sí wẹ́wẹ́, ṣùgbọ́n ìhà dugong kàn ń jọ̀lọ̀ sí i ni. Àti pé dugong òde òní ní egungun ìhà tó tó nǹkan bíi 18 lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí ẹranko ìgbàanì náà bá ní iye tó sún mọ́ èyí, a ó rí ìdí tí ẹranko kan ṣoṣo fi lè fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ègé sílẹ̀ fún odò.

Ìwé àṣẹ, ibi àti àkókò

Lábẹ́ òfin Florida, ìjọba ló ni gbogbo fọ́sìlì (ìyókù ẹ̀dá ayé àtijọ́ tó ti di òkúta) ti ẹranko eléegun ẹ̀yìn tó bá wà lórí ilẹ̀ ìjọba, ìsàlẹ̀ odò bíi Peace sì wà lára rẹ̀. Nítorí náà ẹ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ Florida Museum of Natural History, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà ní Yunifásítì Florida ní ìlú Gainesville, kí ẹ tó mú ohunkóhun. Owó tí wọ́n ń gbà kò pọ̀. Eyín ẹja àkùràkudà, fọ́sìlì ìkarawun àti ti ewéko kò sí lábẹ́ òfin yìí, ṣùgbọ́n egungun dugong wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ní ìwé àṣẹ gbọ́dọ̀ ròyìn ohun tó rí fún ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà. Bí ọjọ́ 60 bá kọjá lẹ́yìn ìròyìn, tí wọn kò sì béèrè fún èyíkéyìí nínú rẹ̀, ohun náà di tirẹ̀. Ìwé àṣẹ yìí kò ṣiṣẹ́ nínú ọgbà ìtura ìjọba ìpínlẹ̀, kò sì fún ẹnikẹ́ni láyè láti wọ ilẹ̀ onílẹ̀. Tí ibi tí ẹ fẹ́ lò bá jẹ́ ti ẹnìkan, ẹ bá a sọ̀rọ̀ ṣáájú.

Odò Peace ṣàn láti agbègbè Polk lọ sí gúúsù, ó gba ẹ̀gbẹ́ Wauchula, Zolfo Springs àti Arcadia kọjá, ó sì wọ òkun ní Charlotte Harbor. Apá òkè rẹ̀ la ibi tí wọ́n ń pè ní Bone Valley já, ìyẹn ilẹ̀ tó kún fún fósíféètì, tí wọ́n ti ń wà á láti ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún fún àwọn tó ń ṣe ajílẹ̀. Inú àwọn ìpele ilẹ̀ fósíféètì yìí ni egungun Metaxytherium sùn sí. Odò náà ń gé ilẹ̀ yìí díẹ̀díẹ̀, ó ń tú egungun jáde, ó sì ń kó wọn jọ pẹ̀lú ti àwọn ẹranko tó wà láyé lẹ́yìn náà gan-an: erin ìgbàanì, ẹṣin ìgbàanì, àti àwọn ẹranko ńlá mìíràn tó parun ní òpin sáà òtútù ayé àtijọ́, ìyẹn Ice Age. Egungun màlúù tó kú lọ́dún tó kọjá náà lè wà nínú asẹ́ kan náà. Kí ẹni tó ń wá má ṣe rò pé ohun méjì tó rí lójú kan náà jọ gbé ayé pọ̀. Nínú odò yìí, ó ṣeé ṣe kí mílíọ̀nù ọdún wà láàárín wọn.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ lọ, láti nǹkan bí oṣù kọkànlá títí di oṣù karùn-ún, nígbà tí omi bá fà. Nígbà òjò, omi á kún, ibi tí òkúta wẹ́wẹ́ wà á jìn ju ohun tí ẹsẹ̀ lè tó. Omi odò náà dúdú nítorí ewé tó ń rẹ sínú rẹ̀, nítorí náà ẹ kò ní rí ibi tí ẹ ń tẹ̀. Ẹ máa wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀ jẹ́jẹ́ dípò kí ẹ máa gbé e sókè, ẹ wọ bàtà tó le nísàlẹ̀, kí ẹ má sì dá lọ. Àwọn alígétọ̀, tí wọ́n bá ọ̀nì tan, ń gbé inú odò náà, ejò olóró sì wà ní etídò. Ẹ jìnnà sí wọn, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé tàbí ajá máa ṣeré níbi tí omi ti dákẹ́, tó sì jìn.

Nínú omi

Asẹ́ onígi tí a kan wáyà sí nísàlẹ̀, tí ojú wáyà náà fẹ̀ tó nǹkan bíi mìlímítà 6, àti ṣọ́bìrì ọlọ́wọ́ kékeré ti tó. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn kan yóò tún ràn yín lọ́wọ́: ẹ máa fi gún ìsàlẹ̀ odò bí ẹ ṣe ń lọ. Níbi tí iyanrìn nìkan wà, irin á wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́ láìdún. Níbi tí òkúta wẹ́wẹ́ wà, á máa dún, ọwọ́ yín á sì gbọ̀n. Ibẹ̀ ni kí ẹ dúró sí. Òkúta wẹ́wẹ́ máa ń kó jọ sí ibi tí agbára omi ti dínkù, bíi inú ìtẹ̀kọ́ odò tàbí lẹ́yìn igi tó ṣubú. Ẹ bu òkúta sínú asẹ́, ẹ mì í nínú omi títí iyanrìn àti amọ̀ yóò fi lọ, kí ẹ sì fi ọwọ́ tú èyí tó kù ká. Ẹ má ṣe gbẹ́ etídò. Ó ń jẹ́ kí ilẹ̀ ya lulẹ̀, ó ń pa igi, ibi tí egungun sì wà ní pípé, tí onímọ̀ lè ka ìpele ilẹ̀ tó yí i ká, máa ń bàjẹ́ láìní àtúnṣe.

Bí a ṣe ń ka ègé egungun

Ẹ kọ́kọ́ gbé e sọ́wọ́. Ègé ìhà dugong máa ń wúwo débi pé ẹni tí kò rí irú rẹ̀ rí á rò pé òkúta ni. Lẹ́yìn náà ẹ wo ẹnu ibi tó ti kán, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹ̀rí tó dájú jù wà. Ẹ rẹ ibẹ̀ sómi kí ó lè hàn, kí ẹ sì wò ó pẹ̀lú awò tó ń mú nǹkan tóbi. Tí ó bá jẹ́ ti Sirenia, ojú ibi tó kán yóò rí bákan náà láti etí kan dé èkejì: kò sí ihò ní àárín, kò sí ibi tó rí kàǹrìnkàǹrìn. Lára àwọn ègé mìíràn, ẹ lè rí ìlà ìdàgbàsókè tín-ín-rín tó yí àárín ká. Ìrísí ibi tó kán náà máa ń jẹ́ roboto tàbí bí ẹyin. Kì í rí pẹrẹsẹ bí ti ìhà màlúù.

Ẹ wá fi wé àwọn ohun mìíràn tó máa ń tan ojú jẹ nínú odò yìí. Ìhà ẹṣin àti ti erin ìgbàanì ní èèpo líle níta, àárín rẹ̀ sì kún fún ihò wẹ́wẹ́. Egungun àbùùbùtán náà ní ihò wẹ́wẹ́ púpọ̀ nínú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun náà ń gbé inú omi. Ọ̀nà mìíràn ni àbùùbùtán fi ń rì. Ègé ẹ̀yìn ahun ńlá rí pẹrẹsẹ, ó sì máa ń ní etí tó rí gánngàn-gánngàn níbi tó ti so mọ́ ìkejì rẹ̀. Òkúta fósíféètì lásán lè dúdú, kó sì dán, ṣùgbọ́n kò ní ìtẹ̀ kan náà láti orí dé ìdí, tí ẹ bá sì wo ibi tó kán, iyanrìn àti àpòpọ̀ amọ̀ ni ẹ ó rí, kì í ṣe egungun.

Ẹ má ṣe fi àwọ̀ ṣe ìdájọ́. Àwọn ohun àlùmọ́ọ́nì inú ilẹ̀ àti omi ló ń sọ egungun di dúdú tàbí pupa rẹ́súrẹ́sú, egungun sáà òtútù sì lè dúdú tó ti Miocene. Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì bóyá egungun kan ti di fọ́sìlì tàbí ó ṣì jẹ́ tuntun, ẹ fi iná ṣáná kan ègé kékeré tó já bọ́ lára rẹ̀. Egungun tuntun á rùn bí irun tó jóná, nítorí pé ohun ara ẹran ṣì wà nínú rẹ̀. Fọ́sìlì kì í rùn bẹ́ẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kọjá ààyè wọn nìyí: wọ́n á mú ègé ìhà kan, wọ́n á sì kọ Metaxytherium floridanum sí ara rẹ̀. Ègé ìhà kò lè sọ bẹ́ẹ̀ fún wa. Manatee náà ní ìhà tó ki, manatee sì wà ní Florida láti sáà òtútù títí di òní. Yàtọ̀ sí èyí, Metaxytherium kò dá nìkan gbé agbègbè náà láyé àtijọ́. Ìdílé dugong ní irú mìíràn níbẹ̀, lára wọn ni Corystosiren tí eyín gígùn iwájú rẹ̀ tóbi, tó sì mú, àti Nanosiren garciae, èyí tí Daryl Domning àti Orangel Aguilera fún ní orúkọ ní ọdún 2008, tí gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mítà 2 lọ. Nítorí náà ìhà tó tẹ́ẹ́rẹ́ lè jẹ́ ti ọmọ Metaxytherium, ó sì lè jẹ́ ti Nanosiren tó ti dàgbà. Ní ọdún 2012, Jorge Velez-Juarbe, Domning àti Nicholas Pyenson tẹ ìwádìí kan jáde nípa ibi mẹ́ta, ní Mexico, Florida àti Íńdíà, níbi tí onírúurú dugong ti jọ gbé lójú kan náà. Wọ́n fi ìyàtọ̀ nínú bí ara, eyín iwájú àti ìtẹ̀ ẹnu wọn ṣe rí ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń pín oúnjẹ láìjà. Ohun tó bójú mu láti kọ sára ègé ìhà ni “ìhà ẹranko ìdílé Sirenia”, kí ẹ sì dúró síbẹ̀. Òtítọ́ tó mọ níwọ̀n yìí wúlò fún onímọ̀ ju orúkọ gígùn tí kò ní ẹ̀rí lọ.

Agbárí, erìgì àti egungun etí ló lè sọ orúkọ. Erìgì Metaxytherium ní ìpele líle tó ń dán lójú, pẹ̀lú òkè róbótó-róbótó tó tò sí ìlà méjì lábùú. Ti dugong òde òní yàtọ̀ pátápátá, kò ní ìpele líle yìí, ó sì rí gbọọrọ láìní òkè lójú. Manatee ní tirẹ̀ ń pààrọ̀ erìgì ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀: tuntun á máa yọ láti ẹ̀yìn, á máa ti ti iwájú títí yóò fi bọ́. Egungun etí kéré, ó le gan-an, ó sì ní ìtẹ̀ àti ihò tó díjú. Olùwá tí kò mọ̀ ọ́n á sọ ọ́ nù pé òkúta ni. Tí ẹ bá rí ohun líle kékeré tí ìrísí rẹ̀ kò yé yín, ẹ mú un pamọ́, ẹ ya àwòrán rẹ̀ láti ìhà gbogbo, kí ẹ sì fi han ilé ìṣẹ̀ǹbáyé.

Ẹ tún wo ojú egungun fún ojú eyín. Dugong jẹ́ ẹran jíjẹ fún ẹja àkùràkudà, ìlà tóóró tó jìn, tó lọ tààrà lára ìhà, sì lè jẹ́ ibi tí eyín ti gé e. Ẹ fara balẹ̀ níbí, nítorí pé ṣọ́bìrì náà máa ń fa ìlà. Ìlà àtijọ́ ní àwọ̀ kan náà pẹ̀lú ara egungun yòókù, omi sì ti jẹ etí rẹ̀. Ìlà tuntun mọ́ ju ibi tó yí i ká lọ, etí rẹ̀ sì mú. Àpẹẹrẹ kan tó yani lẹ́nu wà láti ìwọ̀ oòrùn àríwá Venezuela, tí àwọn onímọ̀ tẹ̀ jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2024. Dugong tó ń jẹ́ Culebratherium ni. Ojú eyín ọ̀nì wà ní imú rẹ̀, ojú eyín ẹja àkùràkudà sì wà káàkiri ara rẹ̀, pẹ̀lú eyín ẹja náà kan nítòsí ọrùn rẹ̀. Àgbẹ̀ kan ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí egungun náà, ó sì sọ fún àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀. Ká ní ó fà á tu ni, a kì bá tí mọ̀ pé ẹranko méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló jẹ ẹ́.

Ìtọ́jú àti àkọsílẹ̀

Ìhà dugong kò nílò ìtọ́jú púpọ̀. Ẹ fi omi lásán àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì fi sí abẹ́ òjìji kí ó gbẹ díẹ̀díẹ̀, nítorí pé oòrùn líle lè là á. Ẹ má ṣe fi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí fínígà kàn án, torí pé nǹkan kíkan ń jẹ egungun. Tí egungun mìíràn bá ń fọ́ sí yẹ́bẹyẹ̀bẹ, Paraloid B-72, irú gúlúù kan tí a yọ́ sínú acetone (omi tí wọ́n fi ń nu ọ̀dà èékánná kúrò), ni àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé máa ń fi mú un dúró, nítorí pé ó ṣeé yọ kúrò padà. Gúlúù tí a fi ń lẹ igi kò dára fún un.

Àkọsílẹ̀ ni ohun tí mo bẹ̀ yín jù lọ láti ṣe. Ní ọjọ́ náà gan-an, kí ẹ tó kúrò létí omi, ẹ kọ ọjọ́, orúkọ odò, ìlú tó súnmọ́ jù, nọ́ńbà ibi tí fóònù yín fi hàn, àti bóyá inú òkúta wẹ́wẹ́ tó ti ń yí kiri ni ẹ ti rí i tàbí inú amọ̀ tí odò kò tíì tú. Ẹ fi nọ́ńbà kan sára egungun, kí ẹ sì fi nọ́ńbà kan náà sínú ìwé. Egungun tó lẹ́wà tí kò ní àkọsílẹ̀ kò lè sọ ibi tó ti wá mọ́, kò sì sí onímọ̀ tó lè bá a dá èyí padà.

Tí egungun bá pọ̀ níbì kan tí wọ́n sì tò bí wọ́n ṣe wà lára ẹranko, tàbí tí ẹ bá rí agbárí tí apá kan rẹ̀ ṣì wà nínú ilẹ̀, ẹ má ṣe fà á. Ẹ ya àwòrán rẹ̀ pẹ̀lú ohun tí yóò fi bí ó ṣe tóbi hàn, ẹ fi òkúta àti iyanrìn bò ó padà kí omi má baà gbé e lọ, ẹ kọ nọ́ńbà ibẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì kàn sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Gainesville ní kíá, kí àwọn tó ní irinṣẹ́ àti ìmọ̀ lè wá kí omi tó tún kún.